Ìtàn Ẹ̀jẹ̀ àti Abẹ́rẹ́: Ìdí tí Ẹ̀rù Àyẹ̀wò Fi Ń Bà Wá, àti Ohun tí Ó Yẹ kí Ẹ̀rù Náà Kọ́ Wa



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ní àdúgbò wa. Láti Kétu títí dé Ìkòsì, àti ní ọjà Mile 12 níbi tí onítòmátì àti oníṣu ti ń pàdé láti ìdájí, a ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, a ń gbọ́ ọ lẹ́nu aboyún, a sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àgbàlagbà tí dókítà ní kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Wọn a ní: "Abẹ́rẹ́ tí wọn yóò fi gún mi yìí, ara ta ni ó ti wọ̀ kí ó tó dé ara mi? Bí mo bá lọ yẹ àrùn wò, ṣé kì í ṣe ibẹ̀ gan-an ni n ó ti kó o?" Ẹlòmíràn kò ní sọ ọ́ jáde, yóò kàn máa sún ọjọ́ àyẹ̀wò síwájú láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, títí ọjọ́ ìgbéyàwó yóò fi kù sí dẹ̀dẹ̀.

Àwọn kan a máa fi irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, wọn a sì pè é ní àìmọ̀kan. Àwa kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìtàn yóò rí i pé ẹ̀rù náà ní baba, ó sì ní ìyá. Abẹ́rẹ́ ti ṣe ènìyàn ní ibi rí, ní ilẹ̀ Áfíríkà àti ní ilẹ̀ òyìnbó pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìtàn kan náà ni ó fi ibi tí ewu wà gan-an hàn wá, àti ibi tí kò sí. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lónìí, kí olúkúlùkù wa lè mọ èyí tí ó yẹ kí a bẹ̀rù, àti èyí tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀.

I. Bí ẹ̀jẹ̀ ti rí lójú àwọn baba wa

Kí a tó gbọ́ orúkọ ilé àyẹ̀wò ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀wọ̀ ńlá ni a fi fún ẹ̀jẹ̀. Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹ̀mí wà níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pẹ̀lú pé ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kì í hàn sí ojú ayé. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń sọ nípa ẹni tí ó pa ìrora mọ́ra pé ó fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ó tu itọ́ funfun jáde. Májẹ̀mú tí a bá fi ẹ̀jẹ̀ dá, kò ṣeé yẹ̀. Wọn kì í sì í fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹni bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí a kò mọ̀. Abájọ nígbà tí àlejò kan bá dé, tí ó mú ìgò dání, tí ó sì ní kí a fún òun ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ Yorùbá yóò bèèrè ni pé: "Kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn baba wa kò mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ ní gbogbo ayé nígbà náà: èyíinì ni pé ohun tí kò ṣeé fi ojú rí lè gun orí irin láti ara ẹnìkan bọ́ sí ara ẹlòmíràn. Olóólà a máa fi abẹ kan náà kọ ilà fún ọmọ púpọ̀. Adáhunṣe a máa fi abẹ kan náà sín gbẹ́rẹ́ fún gbogbo agboolé. Wọn a nu abẹ náà, yóò máa dán, a ó sì rò pé ó mọ́. Ìrora àti àgbàrá ẹ̀jẹ̀ ni a ń bẹ̀rù; àjẹkù ẹ̀jẹ̀ tí kò tó ẹ̀kán kan lórí abẹ, ẹnikẹ́ni kò kà á sí.

II. Àwọn tí ó kú ní Yàbá

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí Yàbá. Ọ̀nà Ìkòròdú tí ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá ní Mile 12 àti Kétu, bí a bá tọ̀ ọ́ lọ sí ìhà Èkó, yóò mú wa gba Ọjọ́ta, Maryland àti Fádéyì, títí a ó fi dé ẹ̀bá Yàbá. Níbẹ̀ ni Rockefeller Foundation ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá ibùdó ìwádìí kan sílẹ̀ ní ọdún 1925, láti mọ ohun tí ń fa ibà pọ́njú, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Yellow Fever. Ibà yìí a máa sọ ojú ènìyàn di pípọ́n bí ọsàn, a máa mú ni bì ẹ̀jẹ̀ dúdú, a sì máa pa ọ̀pọ̀lọpọ̀. Wọ́n ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún náà pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé e kiri, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀fọn ń gbé kò tíì hàn sí wọn.

Ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 1927, ní ìlú Kpeve ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gold Coast nígbà náà, tí a ń pè ní Ghana nísinsìnyí, ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn ibùdó náà, Dókítà Mahaffy, bá ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan pàdé tí ibà náà mú. Asibi ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní apá rẹ̀, wọ́n sì fi í sí ara ọ̀bọ kan tí a kó wá láti ilẹ̀ Íńdíà. Ọ̀bọ náà kú. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ fún òmíràn, òun náà kú. Báyìí ni àwọn onímọ̀ rí ohun tí wọ́n ti ń wá: kòkòrò àìfojúrí kan, tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè gba inú asẹ́ tí ó dára jùlọ kọjá.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí Asibi? Ara rẹ̀ yá, ó sì padà sí ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lára rẹ̀ kò pa á lára rárá. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ náà tí wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adrian Stokes, tí ó wá láti ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù, fi ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lára àwọn ọ̀bọ tí àrùn náà pa. Ibà náà mú un. Nígbà tí ó wà lórí ibùsùn, ó ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun fa ẹ̀jẹ̀ òun fún ìwádìí, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ òun, kí iṣẹ́ náà má baà dúró. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1927. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1928, Hideyo Noguchi, ọmọ ilẹ̀ Japan, kú ikú kan náà ní Accra, Dókítà William Young tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ sì tẹ̀lé e láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ọdún 1930, Theodore Hayne, ọmọ Amẹ́ríkà, kú ní Èkó níhìn-ín.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí, ẹ jẹ́ kí a dì í mú ṣinṣin: nínú ìtàn yìí, ẹni tí a fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yè, àwọn tí ń fi ọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ni ó kú. Fífà tí a fa ẹ̀jẹ̀ jáde kọ́ ni ewu. Ẹ̀jẹ̀ tí ó wọlé ni ewu.

Láti inú ẹ̀jẹ̀ Asibi kan náà ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú ní ọdún 1937, tí a sì fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá ní ọdún 1951. Gbogbo ẹni nínú wa tí ó ti rin ìrìn-àjò lọ sí òkè òkun tí ó sì mú káàdì yẹ́lò dání, gbèsè ọkùnrin Kpeve yẹn ń bẹ lọ́rùn rẹ̀.

Síbẹ̀, a kò ní fi òtítọ́ pamọ́. Ní ọdún 1942, wọ́n fún àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà ní àjẹsára yìí. Àwọn tí ó ṣe é ti fi omi ara ẹ̀jẹ̀ ènìyàn pò ó, kí ó má baà bàjẹ́. Nínú àwọn tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ wọn, a rí àwọn tí wọ́n ní kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú B, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Nǹkan bí 50,000 ọmọ-ogun ni ojú wọn pọ́n tí wọ́n dùbúlẹ̀ àìsàn, ìwádìí tí a ṣe lẹ́yìn náà sì fi hàn pé àwọn tí kòkòrò náà wọ̀ lára tó 330,000. Kí ni àwọn onímọ̀ ṣe? Wọn kò dá àjẹsára dúró. Wọ́n yọ omi ara ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń lò ó láìsí irú ewu bẹ́ẹ̀.

III. Ilé ìwòsàn ìjọ méjì

Ìtàn méjì tí ó kàn yìí kan àwa ọmọ ìjọ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí inú ilé ìwòsàn tí àwọn ìjọ dá sílẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹlẹ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1969, nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Laura Wine ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọ Brethren ní ìlú Lassa, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè wa. Ibà tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ mú un. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Jos, ó sì kú níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì Charlotte Shaw tí ó nu ẹnu rẹ̀ ní ọgbẹ́ kékeré kan ní ìka, èyí tí òdòdó ẹlẹ́gùn-ún dá sí i lára. Kí oṣù Kejì tó parí, òun náà ti kú. Ẹnìkẹta, Penny Pinneo, dùbúlẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí New York. Ara rẹ̀ yá. Wọ́n mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò Yale, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti rí kòkòrò tí à ń pè ní Lassa lónìí. Ṣùgbọ́n Dókítà Jordi Casals tí ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò kó àrùn náà. Bí kò bá ṣe omi ara ẹ̀jẹ̀ Pinneo tí wọ́n fà sí i lára, bóyá ni ìbá yè. Juan Roman, òṣìṣẹ́ ilé àyẹ̀wò náà, kú. Ní Jos, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, Dókítà Jeanette Troup fi ọ̀bẹ gé ara rẹ̀ nígbà tí ó ń yẹ òkú aláìsàn kan wò, ó sì kú ní oṣù Kejì.

Ẹ tún kíyèsí i: ẹni tí a fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yè, ẹ̀jẹ̀ tí a sì fà lára rẹ̀ ni ó gba ẹlòmíràn là.

Èkejì burú ju èyí lọ. Ní Yambuku, ní orílẹ̀-èdè Congo tí a ń pè ní Zaire nígbà náà, àwọn obìnrin ìjọ Àgùdà tí wọ́n wá láti Belgium ní ilé ìwòsàn kan. Wọ́n ní ìfẹ́, wọ́n ní ìtara, ṣùgbọ́n owó kò sí. Sírínjì àti abẹ́rẹ́ márùn-ún péré ni wọ́n ń fún àwọn nọ́ọ̀sì ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ aláìsàn àti aboyún tí ń dúró. Bí wọ́n bá gún ẹnìkan tán, wọn a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan abẹ́rẹ́ náà, wọn a sì gún ẹlòmíràn. Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1976, ọkùnrin kan dé pẹ̀lú ibà, wọ́n sì rò pé ibà lásán ni. Kí oṣù Kẹwàá tó parí, ènìyàn 318 ti kó àrùn tí a wá ń pè ní Ebola, 280 nínú wọn ni ó sì kú. Nínú òṣìṣẹ́ 17 ilé ìwòsàn náà, 11 kú, a sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tí abẹ́rẹ́ náà dákẹ́, àjàkálẹ̀ àrùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kì í ṣe ènìyàn búburú. Púpọ̀ nínú wọn kú pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ń tọ́jú. Ṣùgbọ́n ojúrere kì í pa kòkòrò. Ẹ̀kọ́ kejì nìyí: abẹ́rẹ́ tí a bá lò fún ẹni méjì, ẹnikẹ́ni tí ì báà mú un dání, ì báà jẹ́ ẹni mímọ́, ewu ni.

IV. Íjíbítì, àti àrùn tí a kò fẹ́ dárúkọ

Ní ilẹ̀ Íjíbítì, láti nǹkan bí ọdún 1950 títí dé ọdún 1980 àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba ń fún àwọn ará abúlé ní abẹ́rẹ́ nítorí àrùn kan tí a ń kó nínú omi, tí ń mú ènìyàn tọ ẹ̀jẹ̀. Sírínjì onígíláàsì ni wọ́n ń lò, wọn kò sì ń sè é dáadáa. Wọ́n wo àrùn kan sàn, wọ́n sì gbin òmíràn: àrùn mẹ́dọ̀wú C tàn ká Íjíbítì ju gbogbo orílẹ̀-èdè ayé lọ. Orúkọ kòkòrò náà gan-an kò sì di mímọ̀ títí ọdún 1989. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2000 nìkan, abẹ́rẹ́ àìmọ́ ní gbogbo ayé kó mẹ́dọ̀wú B ran ènìyàn mílíọ̀nù 21, ó kó mẹ́dọ̀wú C ran mílíọ̀nù 2, ó sì kó kòkòrò HIV ran 260,000.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ Íjíbítì. Láàárín ọdún 2018 sí 2019, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 50 wò. Abẹ́rẹ́ kékeré kan fún ìka kan, a ó sì sọ ọ́ nù. Wọ́n tọ́jú àwọn tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ, nítorí oògùn ti dé tí ń wo mẹ́dọ̀wú C sàn pátápátá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé yìn wọ́n pé wọ́n ti dé ojú ọ̀nà àtilé àrùn náà kúrò ní ilẹ̀ wọn. Orílẹ̀-èdè tí abẹ́rẹ́ àìmọ́ ṣe ní ibi, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó fi tún ilé ara rẹ̀ ṣe.

Ní ti HIV, a mọ kòkòrò náà ní ọdún 1983, àyẹ̀wò rẹ̀ dé ní ọdún 1985, a sì ròyìn rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1986. Fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ìtìjú bo gbogbo ẹnu. Nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, tí ó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, jókòó síwájú àwọn oníwèé ìròyìn ní ọjọ́ kejì, ó sì sọ gbangba pé àrùn éèdì ni ó pa àbúrò òun. Ọmọ-ọmọ àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ni àwọn méjèèjì. Ìdílé tí a mọ̀ mọ́ ìjọ kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sábẹ́ aṣọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó sì gbà láti ọjọ́ náà pé àrùn náà kì í ṣe ìtàn àròsọ.

Nínú ìwádìí tí ìjọba ń ṣe lára àwọn aboyún, HIV wà lára 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún 1991, ó sì gòkè dé 5.8 ní ọdún 2001. Nígbà tí a ṣe ìwádìí láti ilé dé ilé ní ọdún 2018, a rí i pé 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní i láàárín àwọn ẹni ọdún 15 sí 49. Ìwádìí kan náà rí ohun tí a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó: mẹ́dọ̀wú B wà lára nǹkan bí ènìyàn mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà. Àwọn ẹni mẹ́jọ wọ̀nyí ń lọ ń bọ̀ láàárín wa, wọ́n ń ta ọjà, wọ́n ń kọ orin. Púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sínú, wọ́n tu itọ́ funfun.

V. Bí àyẹ̀wò kan ti gba Èkó là

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan láti Liberia, Patrick Sawyer, ṣubú lulẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Èkó. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn First Consultants ní Ọbalẹ́ndé. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh wo ọ̀rọ̀ náà pé ó ju ibà lásán lọ. Ó ní kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún Ebola, kò sì jẹ́ kí a tú u sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń fẹ́ kí ó jáde. Ilé àyẹ̀wò ní Ìdí-Àràbà fi hàn pé Ebola ni. Ọwọ́ kan náà tí ó tọ́jú aláìsàn ni àrùn náà gbà wọlé: Dókítà Adadevoh kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ènìyàn 20 ni ó kó àrùn náà ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú. A tọ́jú àwọn tí ó wà ní Èkó ní ilé ìwòsàn àrùn àkóràn ní Yàbá, kò jìnnà sí ibi tí Stokes ti ṣiṣẹ́ ní ọdún 87 ṣáájú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, a kéde pé àrùn náà ti tán ní ilẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí a ronú ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí kò bá sí ẹni tí ó fa ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà. Èrò tí ń wọ Mile 12 ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, láti àríwá, láti ìwọ̀-oòrùn, láti gbogbo ìpínlẹ̀, ta ni yóò kà wọ́n? Ta ni yóò mọ ibi tí olúkúlùkù wọn sùn sí?

VI. Ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù, àti ohun tí kò yẹ

Ẹ jẹ́ kí a wá kó ọ̀rọ̀ jọ. Nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, a ń mú nǹkan jáde ni, a kò fi nǹkan wọlé. Bí abẹ́rẹ́ bá jẹ́ tuntun, tí a tú u nínú ọ̀rá rẹ̀ lójú ẹni, tí a lò ó lẹ́ẹ̀kan, tí a sì sọ ọ́ sínú àpótí tí a fi ń kó abẹ́rẹ́ nù, kò sí ọ̀nà tí àrùn ẹlòmíràn yóò gbà wọ ara wa. Nítorí náà ìbéèrè tí aboyún ń bèèrè ní Kétu kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Ó kàn yẹ kí ó bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó lè dáhùn ni. Kí ó wí fún òṣìṣẹ́ náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú abẹ́rẹ́ náà níwájú mi." Òṣìṣẹ́ rere kò ní bínú. Èyí tí ó bá bínú, kí a dìde, kí a lọ sí ibòmíràn.

Bí abẹ́rẹ́ tí ó ní HIV bá tilẹ̀ gún òṣìṣẹ́ ìlera lójijì, nǹkan bí ẹni mẹ́ta péré nínú ẹgbẹ̀rún ni àrùn náà máa ń mú, oògùn sì wà tí a lè tètè lò láti dènà rẹ̀. Mẹ́dọ̀wú B ni ó le jù: nínú ọgọ́rùn-ún tí kò gba àjẹsára, ó lè mú tó ọgbọ̀n, kòkòrò rẹ̀ sì lè wà láàyè lórí irin tàbí tábìlì fún ọjọ́ méje. Ṣùgbọ́n àjẹsára rẹ̀ wà. Láti ọdún 2004 ni a ti fi í kún èyí tí a ń fún àwọn ọmọ tuntun ní Nàìjíríà, àgbàlagbà náà sì lè gbà á.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé ẹni tí ń sá fún abẹ́rẹ́ tuntun nínú ọ̀rá yóò jókòó pẹ̀lú ìrọ̀rùn fún onígbàjámọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi abẹ kan náà fá orí ẹlòmíràn. Yóò na ẹsẹ̀ fún àwọn tí ń gbé sáàsì kiri ọjà láti gé èékánná. Yóò gba abẹ́rẹ́ ibà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì láì bèèrè ohunkóhun. Yóò jẹ́ kí a fi abẹ àná sín gbẹ́rẹ́ fún ọmọ rẹ̀. Bí ìbátan rẹ̀ bá sì ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn, yóò wá ẹni tí yóò ta ẹ̀jẹ̀ kíákíá, kò ní bèèrè bóyá a yẹ̀ ẹ́ wò. Níhìn-ín ni ewu jókòó sí. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí a óò fà sí ènìyàn lára, àṣẹ ni pé kí a yẹ̀ ẹ́ wò fún HIV, fún mẹ́dọ̀wú B àti C, àti fún àrùn rẹ́kórẹ́kó. Pẹ̀lú èyí náà, àrùn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara lè má tíì hàn nínú àyẹ̀wò. Nítorí náà ni ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí kò ní ìdí láti purọ́, fi dára ju ẹ̀jẹ̀ tí a rà lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mímọ́ wà ní ilé ìwòsàn ní ọjọ́ ìpọ́njú, kí òun náà lọ fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ àlàáfíà.

Ẹ̀rù kejì wà lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, òun ni a kì í jẹ́wọ́: ẹ̀rù pé kí ni èsì yóò sọ. Ẹlòmíràn ń dá abẹ́rẹ́ lẹ́bi, ṣùgbọ́n ìwé èsì ni ó ń sá fún. Ní ti àwọn tí ń fẹ́ra, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ní ilẹ̀ wa ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS. Bí AS méjì bá fẹ́ra, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ewu pé ọmọ náà yóò ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin. Ó sàn kí a mọ̀ kí a tó dá ọjọ́, ju kí a mọ̀ lẹ́yìn tí a ti sin ọmọ. Ní ti aboyún, bí ó bá ní HIV tí kò mọ̀, ewu pé ọmọ yóò kó o jẹ́ láti 15 títí dé 45 nínú ọgọ́rùn-ún; bí ó bá mọ̀ tí ó sì ń lo oògùn, ewu náà kò ní tó 5. Àrùn tí a ń pè ní kògbóògùn ti ní oògùn báyìí tí ń fi okùn dè é mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ń lò ó déédéé ń darúgbó, ó ń tọ́ ọmọ, ó sì ń rí ọmọ-ọmọ.

Nítorí náà ọ̀rọ̀ wa kẹ́yìn kan àwọn tí ń ṣe àkóso nínú ìjọ. Bí ẹ bá ní kí ọ̀dọ́ méjì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹ rántí pé èsì náà jẹ́ ti wọn, kì í ṣe ti ìgbìmọ̀, kì í sì í ṣe ti àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 kọ̀ pé kí a fi HIV ṣe ẹnikẹ́ni ní ìyàsọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n kí òfin tó sọ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ìfẹ́ ti sọ ọ́. Bí ẹnìkan bá jáde láti ilé àyẹ̀wò tí a sì fi í ṣe ọ̀rọ̀ sọ, ogún ènìyàn tí ó gbọ́ kò ní lọ mọ́ láéláé. Ẹ̀jẹ̀ ogún náà yóò wà nínú òkùnkùn, nítorí ahọ́n wa.

Asibi fún wa ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì yè. Stokes fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ ní Yàbá, Adadevoh fi tirẹ̀ lélẹ̀ ní Èkó, kí àwa lè mọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ìmọ̀ tí a fi owó iyebíye bẹ́ẹ̀ rà, kò yẹ kí a jẹ́ kí ó ṣòfò nítorí ẹ̀rù abẹ́rẹ́ kékeré kan tí a ó lò lẹ́ẹ̀kan tí a ó sì sọ nù. Kí olúkúlùkù wa lọ. Kí a lajú wo bí a ti ń tú abẹ́rẹ́ náà. Kí a sì padà wá sọ fún aládùúgbò wa pé a ti lọ, a sì ti dé ní àlàáfíà.